Àpótí Tó Dá Àlàájà Mastura Dúró ní Jẹ́dà

Ẹ̀yin ará tí ẹ péjọ síbi àdúrà ọjọ́ kẹjọ, ẹbí ń kí yín. Ṣubékà ní Mẹ́kà ni wọ́n bí Àlàájà Mastura sí ní 1952, níbi téèyàn ti ń gbọ́ ìpè ìrun Háráàmù, mọ́sáláṣí ńlá Mẹ́kà, látorí ẹní. Àlàájì Ìdírísì, ọmọ Ìwó tó wá ṣe Háájì tí kò padà sílé mọ́, ni bàbá rẹ̀. Àlàájà Bàṣírátù ni ìyá rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni nígbà tí bàbá kó wa lọ sí Jẹ́dà. Ó sunkún dé ibẹ̀ ni. Láti ọjọ́ náà ló ti ń sọ pé òun á padà.

Kéwú ló kọ́ lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Ní 1971, Àlàájì Màrúf gbé e níyàwó. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi ń pàdé àwọn èèyàn wa tó ń bọ̀ wá ṣe Háájì ní pápákọ̀ òfurufú, tó ń fi wọ́n sínú bọ́ọ̀sì Mẹ́kà, tí òun á dúró sílẹ̀ máa juwọ́.

Kúsúmà, ọmọ Sìrí Láńkà, ẹlẹ́sìn Búdà, ń ṣiṣẹ́ ilé lókè ọ̀dọ̀ wọn. Ó ní àpótí idẹ kan tí kò ju àtàǹpàkò lọ. Eérún egungun ẹni mímọ́ wọn kan ló wà nínú rẹ̀. Bí òṣùpá bá kún, á gbé òdòdó àti omi síwájú rẹ̀, á forí balẹ̀. Ó ní bí àwọn bá ti rí i, ó dà bí ẹni pé àwọn rí ẹni tó lọ. Ní 1998, ìyá rẹ̀ ṣàìsàn. Ó sáré lọ sílé, ó fi àpótí náà sọ́wọ́ Mastura: "Oṣù mẹ́ta péré, arábìnrin mi."

Kò padà wá.

Nígbà tí Àlàájì Màrúf kú ní 2010, àwọn ọmọ ní kí ìyá wọn wá bá àwọn gbé ní Asisíyà, ní Mẹ́kà. Ó ní òun kò ní gbé ohun ìjọsìn ẹlòmíì wọ Mẹ́kà, òun kò sì ní fi amánà, ohun tí wọ́n fi ṣọ́ òun, sílẹ̀. Ayman ọmọ rẹ̀ ní, "Kàlásì, ó tó, Mama, ẹ sọ ọ́ nù jàre!" Ó ní, "Ká ní góòlù ni ńkọ́, ṣé wàá ní kí n sọ ọ́ nù?" Kò gbé òdòdó síwájú àpótí náà rí o. Eruku ara rẹ̀ ló ń nù. Àmọ́ bí òṣùpá bá ti kún, á ní, "Kúsúmà, níbo lo wà?" Á wọ bọ́ọ̀sì lọ kírun ní Háráàmù, á sì padà lọ́jọ́ kan náà. Ọdún mẹ́rìnlá ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Àlàájà Kàírát, fi tẹ́ bẹ́ẹ̀dì dè é ní Asisíyà.

Oṣù tó kọjá, ọmọbìnrin kan kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Ọmọ Kúsúmà ni. Ilé yẹn nìkan ni ìyá rẹ̀ júwe fún un kó tó kú. Ó ní, "Màámi ní ẹ ò ní tíì kó lọ." Ó gba àpótí, ó gbé e sórí, ó ń sunkún.

Mastura palẹ̀ ẹrù mọ́. Ó ní ọjọ́ Jímọ̀ ni òun ń bọ̀. Àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ló jáde láyé. Háráàmù ni a ti kírun sí i lára, Mẹ́kà la sin ín sí, láìsí àmì lórí sàréè.

Ó fi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sáyé, àti ọmọ méjì, Ayman àti Wafa, pẹ̀lú ọmọ-ọmọ márùn-ún: Jana, Meshal, Amna, Ziyad àti Rumaysa.

Ìborùn rẹ̀, tó ti fi ránṣẹ́ ṣáájú, wà lórí bẹ́ẹ̀dì náà. Èmi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò tíì fọ̀ ọ́. Kí Ọlọ́run má bínú.

Mastura, o ti dé ilé. Kí Ọlọ́run tẹ́ Alujánńà fún ọ ju bí a ṣe tẹ́ bẹ́ẹ̀dì yìí lọ.