Ta Ló Fẹ́ Gbé Ibẹ̀?

Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù Kẹta

Baálẹ̀ tún ti gbé ọgbọ́n orí rẹ̀ dé. Ọ̀gá mi ni. Inú ìwé yìí nìkan ló ti ń jẹ́ Baálẹ̀, nítorí ó ń rìn bí ẹni pé òun ló tẹ ìlú dó, bẹ́ẹ̀ ajẹ́ńtì lásán ni, tó ń bá onílé wá ayálégbé. Ó fẹ́ kí n ṣe àpótí àṣàyàn mẹ́ta sórí ìkànnì wa, kí n so wọ́n mọ́ra: ohun téèyàn bá yàn nínú àkọ́kọ́ ni yóò sọ ohun tí ìkejì máa fi hàn án, ìkejì yóò sọ ti ìkẹta. Ìyẹn ò le. Mo ní ká fi àdúgbò ṣáájú, kí onítọ̀hún kọ́kọ́ rí gbogbo ilé tó wà. Rárá o. Ó ní "Ta ló fẹ́ gbé ibẹ̀?" ni kó ṣáájú. Tọkọtaya. Ọkùnrin àdáwà. Obìnrin àdáwà. Bó bá ti sọ irú ẹni tó jẹ́ tán, ká wá fi àdúgbò tó tọ́ sí i hàn án.

Ó ní àwọn onílé ló bẹ òun, wọn ò fẹ́ obìnrin tí kò lọ́kọ nínú ilé wọn. Ojú mi ló ń wò bó ṣe ń sọ ọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4

Yàrá ọmọ ni mò ń sùn sí nílé ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin látìgbà tí mo ti kó kúrò nílé ọkọ. Ìyàwó rẹ̀ kì í pè mí lórúkọ. "Ọkọ mi" ló ń pè mí, bó ṣe yẹ kí ìyàwó pe àbúrò ọkọ — ẹnu dùn, inú koro. Lónìí ó ní: ọkọ òun, ẹ má bínú o, àbúrò òun ń bọ̀ wá bímọ lọ́dọ̀ àwọn níparí oṣù, yàrá yẹn ni yóò lò. Ẹ̀gbọ́n mi tẹjú mọ́ àwo oúnjẹ rẹ̀ bí ẹni pé nǹkan sọnù síbẹ̀.

Nígbà tó yá mo gbọ́ ìyàwó rẹ̀ lórí fóònù ní kíṣìnì: dálémoṣú. Níwájú, ọkọ. Lẹ́yìn, dálémoṣú. Mo gbọ́dọ̀ rí yàrá kí oṣù yìí tó parí.

Ọjọ́bọ̀, 6

Baálẹ̀ jókòó tì mí, ó ń ka òfin sí mi létí, mò ń tẹ̀ ẹ́ wọlé. Bí mo bá yan tọkọtaya, gbogbo àdúgbò á tò wálẹ̀ bí ọmọ iléèwé. Bí mo bá yan obìnrin àdáwà, ó ku ẹyọ kan: ẹ̀yìn ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe awọ, níbi tí òórùn ti ń báni jẹun. Èmi tí mò ń wá ilé lójú méjèèjì ni mo fi ọwọ́ ara mi kọ ọ́.

Ó ní mo mọṣẹ́.

Ọjọ́ Ẹtì, 7

Ó ti gbé e síta fáyé, kò dúró kí n dán an wò tán. Ẹní bá kánjú jayé, á kánjú lọ sọ́run.

Ọjọ́ Ajé, 10

Àṣìṣe wà níbẹ̀. Àṣìṣe mi. Mo yan tọkọtaya, mo yan ẹ̀yìn ilé ìkàwé, mo yan yàrá kan lókè pẹ́tẹ́ẹ̀sì. Mo wá padà sí àkọ́kọ́, mo yí tọkọtaya sí obìnrin àdáwà. Ó yẹ kí àpótí méjì ìsàlẹ̀ ṣófo lójú ẹsẹ̀. Wọn ò mira. Yàrá òkè ṣì jókòó síbẹ̀, bọ́tìnnì "Fi ránṣẹ́" ń wò mí.

Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ń kọ́ni nídìí iṣẹ́ yìí nìyẹn: bí àkọ́kọ́ bá yí padà, nu àwọn tó tẹ̀ lé e. Ìlà kan péré ni. Mo kọ ìlà náà. Mo wò ó. Mo pa á rẹ́. Mo fi orúkọ mi àti nọ́ńbà mi sí i, obìnrin àdáwà gbangba, mo tẹ̀ ẹ́. Ó lọ tààrà sórí fóònù onílé.

Ọjọ́rú, 12

Kò sí èsì. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ti gbé àpótí aṣọ mi sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ — ó ní òun ń gbálẹ̀. Gbálẹ̀ kọ́, gbẹ́rù síta ni.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 15

Onílé pè. Obìnrin àgbà, ohùn gbẹ. Ó ní kí n wá wo yàrá. Kí n má baà rìnrìn asán, mo tètè sọ fún un pé mi ò lọ́kọ o, mà. Ó ní, "Èmi náà ò ní. Ta ló bi ẹ́?"

Mo lọ. Fèrèsé méjì. Ilẹ̀kùn tó ṣeé tì. Mò ń fọwọ́ pa ògiri bí òmùgọ̀. Ó ní ajá nìkan lòun ò fẹ́ nílé òun. Ti obìnrin, òun ò sọ ọ́ rí. Baálẹ̀ ló sọ fún òun pé àwọn obìnrin àdáwà kì í béèrè ilé lọ́dọ̀ wa. Ó purọ́ mọ́ wọn fún wa, ó purọ́ mọ́ wa fún wọn, ó wá dúró sáàárín bí ẹni pé olóòótọ́ ni.

Yàrá di tèmi níparí oṣù, bí iṣẹ́ bá ṣáà ti wà lọ́wọ́ mi. Ayálégbé tí ò níṣẹ́, màmá onílé ò gbà á láéláé.

Ọjọ́ Ajé, 17

Mo ko Baálẹ̀ lójú. Mo ní onílé yẹn ò sọ bẹ́ẹ̀. Kò tilẹ̀ ṣẹ́jú. Ó ní wàhálà obìnrin àdáwà pọ̀, òun mọ̀ wọ́n, àlejò ọ̀sán, àlejò òru, òun ò fẹ́ kí onílé kankan máa pe òun lórí ọ̀rọ̀ wọn. Mo ní obìnrin àdáwà ló dúró níwájú yín yìí, sà. Ó ní, "Ìwọ yàtọ̀. Máa gbé ibẹ̀ ní tìẹ." Mo kórìíra rẹ̀.

Màmá onílé ti pè é láti dúpẹ́, ìyẹn ló fi mọ̀ pé ibì kan ń jò. Àwọn obìnrin mìíràn ti gba ibẹ̀ ránṣẹ́. Ó ní kí n dí i kó tó di ọ̀la, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí n kó ẹrù mi.

Kó ẹrù ẹ. Nílé, níbi iṣẹ́, gbólóhùn kan náà ni gbogbo wọn mọ̀. Bí mo bá kọ̀, iṣẹ́ lọ. Bí iṣẹ́ bá lọ, yàrá lọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 18

Mo kọ ìlà yẹn.

Ọjọ́ Ajé, 31

Mo kó wọlé lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Ẹ̀gbọ́n mi bá mi gbé àpótí, kò wojú mi. Ìyàwó rẹ̀ ní àárò ọkọ òun á máa sọ òun. Mo ti ilẹ̀kùn mi, mo sùn bí òkú.

Láàárọ̀ yìí fóònù ọ́fíìsì dún, èmi ni mo gbé e. Nọ́ọ̀sì kan ni, òun nìkan ló ń gbé. Ó ní òun rí yàrá ìsàlẹ̀ kan lórí ìkànnì wa ní bí ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, lẹ́yìn ilé ìkàwé, òun wá padà wá, òun ò rí i mọ́. Ó ní àbí ojú òun ni. Baálẹ̀ gbójú sókè lórí ìjókòó rẹ̀.

Mo ní, "Rárá, mà. Wọ́n ti gbà á."

Ilé tí mò ń gbé ni. Iwájú yàrá náà ni mo gbà jáde láàárọ̀, ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀, kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Nọ́ọ̀sì náà dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó ní ó kéré tán èmi sọ òótọ́ fún òun.