Ẹ Má Yàn Mí fún Àgọ́ Mẹ́rin

                                        Agbolé Àkànbí,
                                        Ẹ̀yìn Mọ́sálásí,
                                        Ẹ̀pẹ́.
                                        Ọjọ́ kọkànlá oṣù Ṣáwáálì, 1280,
                                        ìyẹn oṣù Máàṣì 1864 ti àwọn òyìnbó.

Bísíríyù, ọ̀rẹ́ mi tòótọ́,

Àlàáfíà kí ó máa bá ọ gbé. Ẹ kú ọdún ìtúnu ààwẹ̀ o, Ọlọ́hun yóò gba ààwẹ̀ lọ́wọ́ wa. Sìlífátù ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Mo gbọ́ pé ibà dá àbíkẹ́yìn yín dùbúlẹ̀ nínú ààwẹ̀, mo sì bẹ Ọlọ́hun pé kí ó ti máa sáré kiri báyìí. Orúnkún tó máa ń dùn ọ́ ní àsìkò òjò, ṣé ó ti fi ọ́ lọ́rùn sílẹ̀? Níbí, a dúpẹ́. Mùlíkátù ìyàwó mi ń kí ọ. Ilé wa tí iná ogun èṣí jó, a ti fi imọ̀ ọ̀pẹ bo apá kan rẹ̀, òjò tó ń bọ̀ kò ní í bá wa níta.

Múdàṣírù ọlọ́kọ̀ jẹ́ iṣẹ́ rẹ fún mi lọ́jọ́ Àlàmísì. Ó ní ilé mẹ́tàdínlógún tó ṣẹ́kù nínú àwa ará Àgọ́ Mẹ́rin, àwọn ti Èbúté Ìkòròdú àtàwọn ti Ìjẹ̀dẹ́, ti pé jọ. Ó ní àwọn àgbà Ìkòròdú gbà kí wọ́n mú ẹnìkan wá tí yóò máa gbẹnu sọ fún wọn, àti pé orúkọ mi ni gbogbo wọn fohùn ṣọ̀kan lé lórí. Wọ́n ní Lùkúmàn tó jà fún àwọn ní Ẹ̀pẹ́ náà ni kí ó tún wá jà fún àwọn níbẹ̀. Wọ́n tilẹ̀ di òbòkún yíyan sínú apẹ̀rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. N kò lè fi kan ẹnu. Mo pín in fún àwọn ará àdúgbò.

Bísíríyù, n kò jà. Ohun tó mú mi kọ lẹ́tà yìí nìyẹn.

Mo fẹ́ kí o kà á sí etí gbogbo wọn, nítorí náà jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ìdí rẹ̀, torí àwọn tó kéré nígbà náà kò lè mọ̀ ọ́n. Nígbà tí ogun lé wa kúrò ní Èkó, ní nǹkan bí ọdún mẹ́tàlá sẹ́yìn, inú ìlú Ẹ̀pẹ́ kò gba gbogbo wa. Àwa tí a kò rí ilé wọ̀ lọ pàgọ́ sí etí odò kékeré tó já sínú ọ̀sà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn apẹja Ẹ̀pẹ́ tó ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó bí wa. Mo gbé ìyá mi tó ń ṣàìsàn sọ̀kalẹ̀ láti inú ọkọ̀, ọ̀kan nínú àwọn apẹja wọ̀nyí, Ìyá Kúlúsúmù, ló sì fi yàrá wọn sílẹ̀ fún wa. Nígbà tí ìyá mi kú ní ọjọ́ kẹsàn-án, aṣọ Ìyá Kúlúsúmù ni a fi sin wọ́n. Ìwọ náà wà níbẹ̀.

Àgọ́ mẹ́rin ló wà létí odò yẹn, tiwa àti ti àwọn apẹja, kò sì sí èyí tó tó láti ní ẹni tirẹ̀ nínú ìgbìmọ̀ ìlú. Ìgbìmọ̀ wá ní kí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin para pọ̀ yan ẹnìkan, kí wọ́n tẹ́ ẹní kan fún un láàárín ìgbìmọ̀. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún, lẹ́yìn ìtúnu ààwẹ̀, a máa ń yàn án lórí iyanrìn. Àwọn tó fẹ́ ṣe é yóò dúró, olórí ilé kọ̀ọ̀kan, ì báà ṣe ọkùnrin, ì báà ṣe opó, yóò sì lọ tò sẹ́yìn ẹni tó wù ú. Ọdún tí èmi àti ìwọ dúró, ìlà ẹ̀yìn rẹ gùn ju tèmi lọ. Mo rí i, ìwọ náà rí i. O wá fi iwájú sílẹ̀, o lọ tò sẹ́yìn mi, àwọn èèyàn rẹ sì tẹ̀lé ọ. O ní ọ̀rọ̀ yọ̀ mọ́ mi lẹ́nu ju ìwọ lọ. N kò tíì dúpẹ́ oore yẹn tó títí di òní, ojú rẹ̀ ló sì ń tì mí jù.

Ọdún méjì àkọ́kọ́, mo ṣe é bí ó ti yẹ. Èmi ni mo bá wọn sọ ọ́ tí wọ́n fi fún wa ní ibi tí a ó máa gúnlẹ̀ sí lọ́jọ́ ọjà. Lẹ́yìn náà ni mo fẹ́ Mùlíkátù, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan nínú ìgbìmọ̀, mo sì kó wọ inú ìlú. Mo ra fìlà àrán. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá sí àgọ́ lẹ́ẹ̀kan lóṣù, nígbà tó yá, ó di ìgbà tí ọ̀rọ̀ bá dé. Bí àwọn ìgbìmọ̀ bá ń fi bí àwọn apẹja ṣe ń sọ̀rọ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, mo máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín.

Ní ọdún 1862, ìròyìn dé pé ọkọ̀ ogun òyìnbó lè wá. Ìgbìmọ̀ ní kí a gbé òpó igi gún sí ẹnu odò wa, kí ọkọ̀ kankan má baà lè gba ibẹ̀ wọlé. Mo mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Ọ̀nà mìíràn kò sí tí ọkọ̀ wa fi lè dé ọ̀sà. Mo sọ fún ara mi pé n ó sọ̀rọ̀ ní ìjókòó tó ń bọ̀. Nígbà tí a jókòó, mo ń wá ibi tí n ó ti bẹ̀rẹ̀, bàbá ìyàwó mi sì ti sọ pé òpó náà dára.

Ẹ̀yin ará àgọ́ kò gbọ́ nǹkan kan láti ẹnu mi, ẹ wá rán Ìyá Kúlúsúmù. Wọ́n wọlé bá wa nínú ìjókòó náà. Ẹrẹ̀ dé ìbàdí wọn, torí wọ́n fi ẹsẹ̀ la àbàtà kọjá kí wọ́n lè tètè dé. Òórùn ẹja kún inú iyàrá náà. Wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n sì ṣàlàyé ọ̀rọ̀ òpó náà ní èdè Ẹ̀pẹ́ wọn, ó sì yé gbogbo wa yékéyéké, ṣùgbọ́n àwọn kan ń rẹ́rìn-ín. Olórí ìjókòó bi wọ́n pé ta ló mọ̀ wọ́n níbẹ̀. Ìyá Kúlúsúmù wo ojú mi.

Olórí ìjókòó ní, “Lùkúmàn, ṣé èèyàn rẹ nìyí?”

Mo ní, “Rárá, bàbá. N kò mọ̀ ọ́n.”

Bẹ́ẹ̀ ni mo wí. N kò tilẹ̀ sọ pé “n kò mọ̀ wọ́n” bí ọmọ ṣe ń sọ nípa àgbà. Mo pe ẹni tó fi aṣọ ara rẹ̀ sin ìyá mi bí ẹni pe ọmọdé, kí ó lè dá àwọn tó wà níbẹ̀ lójú pé àjèjì ni.

Ìyá Kúlúsúmù dìde. Wọ́n tún ìró wọn so, wọ́n ní, “Ẹ má bínú. Mo ṣi ilé wọ̀ ni.” Wọ́n sì jáde.

Wọn kò ṣe mí ní nǹkan kan ju bẹ́ẹ̀ lọ. Olórí ìjókòó ní níwọ̀n ìgbà tí ẹni tó ń ṣojú Àgọ́ Mẹ́rin kò ti takò ó, kí wọ́n gún òpó náà. Ọjọ́ kẹta ni wọ́n gún un. Àwọn àgbà ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, ká fi tọmọ jẹ́ ẹ. Iṣẹ́ ọmọ ni ẹ rán mi, mo fi tẹrú jẹ́ ẹ.

Ohun tó tẹ̀lé e, ìwọ lo mọ̀ ọ́n jù. Ọkọ̀ gbẹ lórí iyanrìn, ìgèrè tí a fi ń pẹja jẹrà, ilé kan lọ, ilé kejì tẹ̀lé e. Ẹ̀yin náà kó lọ sí Ìkòròdú. Nígbà tí àkókò yíyàn dé, olórí ilé mẹ́fà péré ló wá sórí iyanrìn, kò sì sí ẹni tó bá ẹlòmíràn du ipò. Ìgbìmọ̀ ní ẹni tí kò ní èèyàn lẹ́yìn kò lè jókòó. Wọ́n ká ẹní Àgọ́ Mẹ́rin kúrò nílẹ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì parí síbẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ ogun náà dé lóòótọ́ ní èṣí, kò sún mọ́ òpó wa rárá. Òkèèrè ló dúró sí tó ń yìnbọn.

Kí ẹ tó kó lọ, mo ti sọ fún ẹ̀yin tó kù ní àgọ́ pé mo jà títí, pé wọ́n borí mi ni. Irọ́ náà ló bá yín dé Ìkòròdú. Ìyá Kúlúsúmù gbọ́ ọ, wọn kò já mi nírọ́ lójú ẹnikẹ́ni. Ìwọ náà ránṣẹ́ pé nígbà tí ẹ dárúkọ mi, wọ́n jókòó láìsọ nǹkan kan.

Kí ààwẹ̀ tó dé, mo lọ bá wọn ní Ìjẹ̀dẹ́. Mo ní mo wá kí wọn ni. Wọ́n fún mi lómi, wọ́n béèrè Mùlíkátù. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní, “Ìyá, nítorí ọjọ́ ìgbìmọ̀ yẹn...” Wọ́n ní, “Ọmọ mi, kì í ṣe èmi nìkan lo sọ pé o ò mọ̀. Àwọn tó rán mi wá ńkọ́?”

Láti ọjọ́ yẹn, ara mi kò balẹ̀. Ìgbà tí iṣẹ́ rẹ dé ni mo tó mọ̀ pé n kò lè dákẹ́ mọ́.

Nítorí náà, jọ̀wọ́, má jẹ́ kí wọ́n yàn mí. Èmi àti ìwọ nìkan ni àlùfáà kọ́ ní ìwé nínú wa, ìwọ ni o sì ní láti kà á fún wọn lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀, lẹ́yìn ìrun, nígbà tí gbogbo wọn bá pé. Má ṣe torí pé ọ̀rẹ́ mi ni ọ́ kí o fo ibi ọ̀rọ̀ Ìyá Kúlúsúmù. N kò ní sọ ẹni tí wọ́n máa yàn rọ́pò mi. N kò lẹ́nu ìyẹn mọ́. Ọkọ̀ Múdàṣírù ni n ó bá wá lọ́jọ́ Àlàmísì, n ó dúró níwájú wọn bí o bá ti ń kà á. Mo ti sọ gbogbo rẹ̀ fún Mùlíkátù. Ó sunkún títí, ó ní òun náà yóò bá mi wá.

Bá mi kí Sìlífátù. Bá mi kí bàbá àgbà Sàlàkọ́, kí o sì sọ fún wọn pé kí wọ́n jókòó níwájú, torí etí wọn. Kí àwọn ọmọ gbogbo. Ìyá Kúlúsúmù, n ó kí wọn fúnra mi.

Èmi ni tìrẹ, bí o bá ṣì gbà bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn tí o bá kà á tán,

Lùkúmàn Àkànbí.