Ilẹ̀ Púlíà Pupa bíi ti Ojóò

Ìyá mi, mo kí yín ní Bódìjà o. Ẹ ní mo ti rù nínú fọ́tò tí mo fi ránṣẹ́. Kámẹ́rà tí wọ́n fi yà á ni kò dáa. Ilẹ̀ Púlíà, lápá gúúsù Ítálì níbí, pupa bíi ti Ojóò. Èso àjàrà tí wọ́n fi ń ṣe wáìnì là ń ká. N kì í fẹnu kan wáìnì o, àmọ́ omi àjàrà ti pa ọwọ́ mi láró, mo ṣàlùwàlá títí, kò lọ. Búrẹ́dì àti òróró ólífì dùn lẹ́nu. Atẹ́gùn ń fẹ́ wọlé wa láti gbogbo ìhà, ooru ò mú wa rárá. Ẹ má tíì fèsì, torí a tún ń kó lọ sí oko mìíràn lọ́la.

Ẹ bá mi kí Nasir, àbúrò mi tó fẹ́ ta ẹ̀rọ fọtokọ́pì ẹ̀ l'Ágbowó kó lè wá bá mi. Ẹ sọ fún un pé ibí dùn gan-an. Àmọ́ kó má tà á o.

Èmi ọmọ yín,
Gàfárù