Má Tẹ Bọ́tìnnì Òrùlé Mọ́tò Bàbá Rẹ

Lucius ọkọ mi,

Jọ̀ọ́, má fọwọ́ kan bọ́tìnnì òrùlé mọ́tò o! Mo ṣí i láàárọ̀ yìí, ó kọ̀, kò padà mọ́. Ìgbà tí mo ká àga ẹ̀yìn sókè, ọ́ìlì ti dà síbẹ̀ rẹpẹtẹ. Ọ́ìlì bíréèkì lo rọ sínú pọ́ǹpù tó ń gbé òrùlé, àbí? Ọ́ìlì jíà, èyí tó pupa, ni mo ní kí o rà. Olórí kunkun! Èyí tí o rọ ti jẹ gbogbo rọ́bà inú rẹ̀. Mo ti fa ọ́ìlì náà dànù. Tí mo bá tibi iṣẹ́ dé, a ó jọ pààrọ̀ rọ́bà náà.

Òrùlé ṣí sílẹ̀ gbayawu báyìí, ìwọ lo sì máa lọ gbé Màmá rẹ ní ṣọ́ọ̀ṣì, tòun ti àkẹtẹ̀ tuntun tó fẹ̀ bí atẹ yẹn. Ìborùn mi wà lórí àga iwájú; kí ó fi dè é mọ́rí. Má sáré ní títì Woodward.

Bó bá bi ọ́ pé ta ló ba mọ́tò olóògbé ọkọ òun jẹ́, sọ pé èmi ni. Láti ọjọ́ ìgbéyàwó wa ló ti ń wá ẹ̀sùn sí mi lẹ́sẹ̀. Jẹ́ kí inú rẹ̀ dùn lónìí.

Verdell rẹ