Bí Òmìrán Àdúgbò Wa Ṣe Tún Jó

                                                  Ojúlé 14, Kerkstraat,
                                                  Wolsbeek,
                                                  Bẹ́ljíọ̀mù.
                                                  9 Oṣù Kẹsàn-án, 2024.

Ilke, ọ̀rẹ́ mi tí mo fẹ́ràn ju ọ̀dùnkún díndín lọ,

Ṣé dáadáa lo wà? Màmá rẹ ńkọ́? Ṣé ikọ́ bàbá rẹ ti rọlẹ̀, àbí afẹ́fẹ́ òkun Oostende ṣì ń bá a fà á? Àwa ń bẹ níbí, a le koko bí òkúta ojúde ṣọ́ọ̀ṣì.

O ti kó lọ kí Ọ̀gá Gorik, alága ìwọ́de ọdọọdún wa, tó bẹ̀rẹ̀ sí í halẹ̀ mọ́ Tist, ère òmìrán àdúgbò wa tí à ń gbé jó níbi ìwọ́de. Ó ní òmìrán tí kò bá lè jó mọ́, inú àká ni yóò máa gbé, kí èkúté máa fi irùngbọ̀n rẹ̀ tẹ́ ibùsùn. O sì mọ̀ pé láti ìgbà tí Staf, bàbá mi àgbà, ti wà ní géńdé ló ti ń wọ abẹ́ aṣọ Tist gbé e jó. Ní báyìí, orúnkún rẹ̀ ń ké débi pé ajá àdúgbò ń gbó o. Bí wọ́n bá ti Tist mọ́lé, bàbá àgbà náà á kàn jókòó sílé máa wo ògiri ni.

Àfi bí àbúrò màmá mi, Àǹtí Godelieve, tó ń wo ìràwọ̀ ní yunifásítì Leuven, ṣe wá jẹun lọ́dọ̀ wa. Ó ní ìràwọ̀ náà máa ń darúgbó: á wú, á di òmìrán, á wá máa tú afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ sójú ọ̀run bí ẹni ń mu sìgá. Bó bá dá wà, èéfín náà á kàn tàn ká roboto ni. Ṣùgbọ́n bí ìràwọ̀ kékeré kan bá ń yí i po, á máa fa àgbà náà síhìn-ín sọ́hùn-ún, èéfín á sì lọ́ bí ìkarahun ìgbín.

Mo ní, "Àǹtí, ẹ dúró ná. Kékeré yẹn ló ń mú àgbà jó?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Òun ni. A kì í sábà rí i pàápàá, ìmọ́lẹ̀ àgbà ti bò ó. Èéfín ló ń tú àṣírí rẹ̀."

Ọ̀rọ̀ bùṣe! Mo yá ẹ̀rọ èéfín àwọn eléré ṣọ́ọ̀ṣì (wọn ò tíì mọ̀ pé mo yá a), mo tì í sínú fìlà Tist. Nígbà tó di ọjọ́ ìwọ́de, mo so okùn mọ́ ìbàdí Tist, mo di orí kejì mú, mo wọ bàtà onítáyà mi.

Bàbá àgbà pariwo láti abẹ́ aṣọ, "Febe, ṣé o fẹ́ pa mí ni?"

"Ẹ ṣáà má ṣubú, Bàbá. Èmi ni mo máa fà yín."

Ilke, mo sáré yí Tist po títí táyà fi ń ta iná! Bí mo ṣe ń yí ni okùn ń fà á, tó ń mì lọ mì bọ̀. Èéfín tó jáde tó láti fi yan gbogbo ẹja Oostende, ó sì bò mí mọ́lẹ̀ pátápátá. Láti orí báńkónì ni Ọ̀gá Gorik ti rí èéfín náà tó ń lọ́ yí gbogbo ojúde ká bí ìkarahun ìgbín gẹ́lẹ́.

Ló bá figbe ta: "Staf! Orúnkún ta lo yá?"

Ohùn kan dáhùn lábẹ́ aṣọ: "Tọmọ ọmọ mi ni!"

Tist ò lọ àká mọ́ o. Ọ̀gá Gorik fúnra rẹ̀ ló gbọn eruku fìlà rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé, màmá mi ń fajú ro: "Gbogbo ìlú ló wá sí ìwọ́de, ìwọ nìkan la ò rí." Mo kàn na fótò ojúde tí wọ́n yà láti orí báńkónì sí wọn. Mo ní, "Màmá, ẹ wo èéfín yẹn dáadáa."

Bá mi kí gbogbo ilé, kí o sì sọ fún Warre àbúrò rẹ pé mo ṣì lè bá a sáré, kí n tún fẹ̀yìn sáré.

Èmi ni tìrẹ tí wọn ò rí nínú èéfín,

Febe.