Tinúadé Fún Ara Rẹ̀ Ní Òdo

Òkèrèwè,
Ilé-Ifẹ̀.
Ọjọ́ kejìlá, oṣù kẹwàá, 1999.

Adédàmọ́lá, Àkànní ọmọ mi,

Gbogbo agbo ilé ní kí n kí ọ. Ṣé ara rẹ le, ṣé Èkó ń fojú rere wò ọ́? Ẹlẹ́dàá kò ní jẹ́ kí o ṣìnà wọ ilé tí wọn kò ti mọ̀ ọ́. Bàbá rẹ wà, orúnkún rẹ̀ nìkan ni kò gbọ́ràn.

Ọ̀rọ̀ Tinúadé àbúrò rẹ ló mú mi kọ̀wé. Ìwọ lo ṣáà ní kí ó máa kọ́ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dọ̀ tíṣà òyìnbó tó wà nínú kọ̀ǹpútà, ní ṣọ́ọ̀bù Solomon. Mo tẹ̀lé e lọ lọ́jọ́ kìíní, mo kúnlẹ̀ kí tíṣà, kò dáhùn. Solomon ní ìlú òyìnbó ló wà, mo ní kò burú, mo bá kí i sókè sí i. Ilé ìwé jẹ́lé-ó-sinmi kan níbí ti ní bí Tinúadé bá gba ìwé ẹ̀rí Gẹ̀ẹ́sì tí tíṣà yìí ń fúnni, àwọn yóò gbà á síṣẹ́.

Àfi ìgbà tí ìdánwò dé. Tíṣà ní òun kì í ṣe é bíi ti àtijọ́. Ó ní kí Tinúadé fún ara rẹ̀ ní máàkì, kí akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ fún un ní tirẹ̀, kí ará ilé kan sì kọ ohun tó ti wá mọ̀ nínú Gẹ̀ẹ́sì. Mo ní irú tíṣà wo lèyí, tó ń pín iṣẹ́ rẹ̀ fún ará àdúgbò.

O mọ bí mo ṣe kọ́ yín. Tinúadé fún ara rẹ̀ ní òdo, bí ọmọ tó gbẹ̀kọ́. Ó fún Hàjàrá ọ̀rẹ́ rẹ̀ ará Sábó, tí wọ́n jọ ń kọ́ ọ, ní ọgọ́rùn-ún. Hàjàrá náà fún un ní ọgọ́rùn-ún, ó fún ara tirẹ̀ ní òdo. Ó wá kan èmi. Bí iṣu ẹni bá ta, ṣe là ń fọwọ́ bò ó jẹ, pàápàá níwájú ẹni tí a kò rójú rẹ̀. Mo ní kí Solomon bá mi tẹ̀ ẹ́ pé ọmọ náà kò mọ nǹkan kan, pé abọ́ lásán kò mọ̀ ọ́n fọ̀, kí wọ́n ṣáà bá wa fi ṣe ọmọ.

Àkànní, tíṣà gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́. Ó ní àánú wa ṣe òun, Tinúadé kò yege. Ọmọ náà sunkún, ó bá jókòó, ó fi Gẹ̀ẹ́sì kọ lẹ́tà gígùn láìwo ìwé kankan, ó ṣàlàyé fún tíṣà pé àwa kì í yin ara wa. Tíṣà ní ẹni tó lè kọ irú èyí ti yege, kí èmi ìyá rẹ̀ ṣáà jẹ́rìí sí i. Inú mi dùn débi pé ojú ẹsẹ̀ ni mo dáhùn pé ẹ ṣeun, ẹ má jẹ́ kó tàn yín, kò mọ̀ ọ́n rárá, oore-ọ̀fẹ́ yín ni.

Ó ti tún fagi lé e. Ó ní kí ẹlòmíràn nínú ẹbí sọ òtítọ́ kó tó di ọjọ́ Ẹtì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ó parí. Bàbá rẹ ní òun yóò kọ ọ́. Mo yọjú wo ohun tó kọ, ó pe ọmọ ní ewúrẹ́.

Nítorí náà, ìwọ tí Èkó ti bà lẹ́nu jẹ́, tí o lè yin ará ilé rẹ láìtijú, jọ̀ọ́, wá kọ̀ǹpútà kan, kí o kọ̀wé sí tíṣà. Fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ pẹ̀lú, ìṣẹ́jú ìṣẹ́jú ni Solomon ń gbowó, kíkí tí mo ń kí tíṣà nìkan ti jẹ púpọ̀.

Ọ̀nà rẹ á là, ẹsẹ̀ rẹ kò ní kọ ibi, wàá dàgbà ju bàbá rẹ lọ.

Èmi ìyá rẹ,
Yéjídé.

Ọmọ náà mọ Gẹ̀ẹ́sì o, ó mọ̀ ọ́n ju Solomon lọ. Má jẹ́ kó gbọ́ pé ẹnu mi ló ti jáde.