Kókó Tí Mo Jẹ́rìí Pé Ó Ti Lọ

Ẹ kú iṣẹ́ o, olóòtú ètò wa lórí rédíò. Ẹ má dárúkọ mi; ẹ ṣáà ní obìnrin kan lọ́nà Lálúpọn ni.

Lọ́dún tó kọjá, mo jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì pé omi àdúrà ti wo kókó ọmú mi sàn. Kò tíì lọ o. Wọ́n ní ká máa fi ìgbàgbọ́ jẹ́rìí ṣáájú ni. Ìjọ jó.

Ní Sánńdè tó ń bọ̀, àwọn nọ́ọ̀sì ń bọ̀ wá yẹ ọmú àwa obìnrin ìjọ wò ní ṣọ́ọ̀ṣì. Pásítọ̀ ní èmi tí mo jẹ́rìí ni kí n kọ́kọ́ wọlé lọ bá wọn, kí àwọn yòókù lè tẹ̀lé mi. Kókó ọ̀hún ti tó ẹyin àparò! Bí mo bá sì sá, kò sẹ́ni tó máa wọlé.

Ìyàwó àbúrò ọkọ mi náà ní kókó. Ó ní omi tó wò mí sàn lòun náà ń mu.

Ẹ̀yin olùgbọ́, báwo lèèyàn ṣe ń gba ẹ̀rí padà?